Kárávàànù alumíníọ̀mù àtijọ́: ká ha á, ká kùn ún, àbí ká fi í sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ (láti Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ̀dá mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi kárávàànù Airstream kan ránṣẹ́ sí mi, ilé onítáyà tí mọ́tò máa ń wọ́, ti ọdún 1967. Mo fẹ́ máa fi ta kọfí àti ẹja yíyan nítòsí géètì OAU, tó bá di àsìkò ọdún kí n máa wọ́ ọ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà níbi Olúmirìn. Inú ẹ̀ ò burú, ìta ni wàhálà wà. Ara ẹ̀ ti ṣú, ibì kan ń ṣí fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀, ilà tín-ín-rín sì wà lẹ́bàá àwọn rífẹ́ẹ̀tì, ó dà bí ibi tí ekòló gbà kọjá. Panẹ́bítà kan ní Lagere ní ká fi sánpépà ha á, ká fín in ní sílífà. Ẹlòmíì ní kí n fi kọ́sítíìkì sódà fọ̀ ọ́, ojú ẹsẹ̀ ló máa dán. Ìyá mi ní ọṣẹ dúdú àti eérú ló ń ṣe é. Èwo ni kí n ṣe? Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ mi o.

* * *

Àbúrò, kò sí èyí tó dáa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo tètè sọ ọ́ kí panẹ́bítà ẹ má bàa ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Wò ó, Wally Byam ló dá Airstream sílẹ̀ lọ́dún 1931, nígbà tó fi máa di 1936 wọ́n ti gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Clipper jáde, alumíníọ̀mù ni gbogbo ara ẹ̀, rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kàn án pọ̀ bí wọ́n ṣe ń kan bàálù. Páànù tí wọ́n lò sí ọ̀pọ̀ àwọn ti ọdún 1950 sí 1960 náà, páànù bàálù ni, 2024 Alclad lorúkọ ẹ̀. Kọ́pà tó bí ìdá 4 nínú 100 ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó le, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kí omi àti iyọ̀ tètè máa jẹ ẹ́, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi alumíníọ̀mù tí ò ní àdàlù bò ó lójú bò ó lẹ́yìn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Páànù yẹn lódindi nípọn bíi mílímítà 0.8, awọ tó bò ó lójú kan ò sì ju bíi 0.04 lọ. Irun orí ẹ nípọn jù ú lọ.

Sánpépà tí wọ́n fẹ́ gbé sí i, awọ yẹn ló máa ha lọ. Tó bá ti lọ, kò sẹ́ni tó lè dá a padà, ì báà jẹ́ ní Ifẹ̀ ì báà jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Kọ́sítíìkì ní tiẹ̀, alumíníọ̀mù ni oúnjẹ ẹ̀: á máa hó, á máa gbóná, gáàsì háídírójìn tó ń gbaná á máa jáde, tó bá wá jẹ awọ òkè tán tó kan èyí tó ní kọ́pà nísàlẹ̀, dúdú ló máa dà, kò ní dán rárá. Ẹ̀yin màámi, ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí inú ìkòkò alumíníọ̀mù ṣe máa ń dúdú téèyàn bá fi kán-ún se ẹ̀wà nínú ẹ̀. Ìran kan náà ni kán-ún, eérú èèpo kòkó tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, àti kọ́sítíìkì yẹn, agbára wọn ló yàtọ̀ síra. Ìkòkò nípọn, ó lè fara dà á. Èyí ò lè fara dà á.

Fi omi àti ọṣẹ abọ́ lásán fọ̀ ọ́ ná, kí gbogbo eruku kúrò, ká lè mọ ohun tí à ń bá jà.

* * *

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ti pọ̀ tẹ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ẹnìkan láti Ìrèmọ ní òun máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìkòkò, ó ń dán gbinrin, kí ló dé tí a ò lè fi fọ ọkọ̀. Òótọ́ ni pé ó ń dán, ásíìdì inú ọsàn ló ń ká ohun tó ṣú kúrò lójú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò kò ní ojúùpàdé. Páànù ọkọ̀ yìí gun orí ara wọn ni, omi ọsàn á wọ àárín wọn á jókòó síbẹ̀, fífọ̀ ò sì lè dé ibẹ̀. Àbùkù kékeré tó wà láàárín páànù gbalasa, ó dáa, fi ọsàn nù ún kó o tètè ṣan án. Gbogbo ara ọkọ̀, rárá.

Ẹni tó ní ká lọ ra ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún táìlì. Ihò wẹ́wẹ́ ló máa lu sára páànù, kò sì sí pólíìṣì tó lè kó ihò kúrò. Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń tà fún àwọn onítírélà kí alumíníọ̀mù wọn lè mọ́lẹ̀ kíá, háídírófùlórììkì ásíìdì wà nínú òmíràn níbẹ̀, ìyẹn máa ń gba awọ ara èèyàn wọlé lọ bá eegun, ó sì lè má ta èèyàn títí ó fi máa ṣèkà tán. Ẹ má fún ọmọ iṣẹ́ ní irú ẹ̀ lọ́wọ́.

* * *

Àbúrò tó ni ọkọ̀ bi mí pé kí ni nǹkan tó ń ṣí fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ yẹn, ṣé alumíníọ̀mù ló ń bó ni. Rárá o. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ ti ń fín ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀ sórí páànù, kí dídán ẹ̀ lè pẹ́. Òòrùn ló ti pa á. Tìẹ jẹ́ 1967, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ni.

Bó o ṣe máa mọ̀ nìyí. Fi àkísà funfun bu pólíìṣì irin díẹ̀, yan ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kó o fi rà á. Tí àkísà bá dúdú bí èédú lójú ẹsẹ̀, alumíníọ̀mù gangan lo dé yẹn. Tí àkísà ò bá dúdú, tó o rà á títí tí kò yí padà, orí ọ̀dà lo ṣì wà, ara ẹ lò ń dá lágara. Ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣe é lókè, ṣe é nídìí fèrèsé, torí ó lè ti kúrò níbì kan kó ṣì wà níbòmíì.

Ọ̀dà yẹn gbọ́dọ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó gbé pólíìṣì. Péńtì rímúfà ló ń kó o, kì í ṣe tínà, kì í ṣe epo bẹntiróòlù (ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ìyẹn, ẹ fẹ́ sun ọmọ ọlọ́mọ mọ́bẹ̀ ni?). Ra èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pé ó ṣeé lò fún alumíníọ̀mù. Kùn ún kó nípọn, da nílọ́ọ̀nù bò ó kó má bàa gbẹ, kó o jókòó síbi tó tutù. Tó bá ti wú, igi pẹlẹbẹ tàbí rọ́bà ni kó o fi gbá a kúrò, má fi ọ̀bẹ, má fi irun irin tí a fi ń fọ ìkòkò. Bo rọ́bà fèrèsé àti iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kó má bàa kàn wọ́n, torí á yọ́ wọn. Wọ ìbọ̀wọ́.

Ilà ekòló tó o rí yẹn, abẹ́ ọ̀dà náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, láti etí páànù tí wọ́n gé àti láti ìdí rífẹ́ẹ̀tì, á wá máa rìn lọ lábẹ́ ẹ̀. Ojú ẹ̀ ò ní lọ pátápátá láéláé. Tí ọ̀dà tó ń ràn án lọ́wọ́ bá kúrò, tó o fọ ibẹ̀ mọ́, tí ibẹ̀ gbẹ, kò ní rìn síwájú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé òun máa pa á rẹ́ pátá, sánpépà ló fẹ́ gbé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan bá mi jà. Wọ́n ní kí ló tiẹ̀ ń lé wa tí a fẹ́ kó gbogbo àmì ọjọ́ orí kúrò lára nǹkan, ṣé àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938, ṣé ẹnikẹ́ni gbé pólíìṣì sí wọn?

Mo gbà pẹ̀lú wọn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Alumíníọ̀mù tó ṣú kò ṣàìsàn. Bí atẹ́gùn bá ṣe ń kàn án ló ń fi nǹkan bo ara ẹ̀, ohun tó fi bò ó yẹn tín-ín-rín ju ohun tí ojú lè rí lọ, òun gan-an ló sì ń dáàbò bò ó. Irin tiwa yìí ni ìpẹtà ẹ̀ máa ń ṣí kúrò tí á tún máa jẹ ẹ́ lọ sínú. Torí náà tí àbúrò yìí bá kó ọ̀dà tó bó kúrò, tó fọ̀ ọ́, tó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe rí ní eérú-eérú, ọkọ̀ ò ní bà jẹ́ nítorí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn lókè òkun ló fi tiwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti yapa sí wọn ni pé mùsíọ́ọ̀mù ò ta kọfí. Ọmọ yìí fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró ya fọ́tò níwájú ẹ̀. Dídán níyì lójú oníbàárà, mi ò lè bá a jiyàn ìyẹn. Mo kàn ń sọ pé òun ni iṣẹ́ ìkẹyìn, ẹ̀yin sì ń fi ṣe àkọ́kọ́.

* * *

Omi. Ohun tí kò sẹ́ni tó bi mí nìyẹn, òun ló sì ń pa àwọn ọkọ̀ yìí. Láti oṣù kẹrin títí dé ìkẹwàá ni òjò ń lu ọkọ̀ yìí ní Ifẹ̀, ẹni tó bá rà á tó dán tán tí omi ń wọlé, ó ti na owó ẹ̀ sórí igbá tó lu.

Gbé họ́ọ̀sì lásán, má lo mashíìnì ìfọkọ̀ tó ń fi agbára tú omi, ìyẹn á ti omi gba ibi tí òjò ò lè gbà láyé. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kó o máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹnìkan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Tó o bá bẹ̀rẹ̀ látòkè, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ẹ lójú, torí páànù méjì ni ara ọkọ̀ náà, ti ìta àti ti inú, omi máa ń rìn láàárín wọn kó tó yọ síbi tó yàtọ̀ sí ibi tó gbà wọlé. Ẹ̀bá fèrèsé, ìdí ihò atẹ́gùn orí òrùlé, iná, ibi gbogbo tí ẹnikẹ́ni ti lu nǹkan mọ́ ọn láti 1967.

Ìdí ẹ̀yìn ni kó o fojú sí jù. Àìsàn kan wà tí gbogbo ẹni tó ní Airstream àtijọ́ mọ̀: omi á gba ọ̀nà bọ́ńpà wọlé, pílíwúùdù ilẹ̀ á rà, ara ọkọ̀ á wá já kúrò lórí férémù. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ kan gorí bọ́ńpà ẹ̀yìn, kó máa tẹ̀ ẹ́ sókè sílẹ̀, kí ìwọ wà lórí ìkúnlẹ̀ kó o máa wo ibi tí bọ́ńpà ti pàdé páànù. Tí bọ́ńpà bá ń lọ sílẹ̀ tí páànù ò bá a lọ, tí àlàfo ń là tó tún ń pa dé, ó ti já nìyẹn. Gbàgbé pólíìṣì, gbàgbé kọfí, férémù lo máa kọ́kọ́ ṣe.

Ẹnìkan láti Ìṣọkùn, ará ilé mi gan-an níbí ní Iléṣà, ní kí la ń da owó sí gọ́ọ̀mù òyìnbó, ká fi kólítà dí i. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko, èmi náà mọ bí a ṣe ń ṣọ́ owó. Àmọ́ kólítà ò ní gan dáadáa nínú òòrùn, á máa kó eruku, á sì bo ibi tó ń jò mọ́lẹ̀ tó fi jẹ́ pé ẹni tó máa tún un ṣe lọ́la ò ní ríbẹ̀. Sílíkóònù tó wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Sábó, ṣí i kó o gbóòórùn ẹ̀: tó bá ń rùn bíi fínígà, ásíìdì ló ń yọ lára ẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, lójú alumíníọ̀mù. Tó bá sì gbó tán, kò sí nǹkan tó máa lẹ̀ mọ́ àjókù ẹ̀, àní sílíkóònù tuntun pàápàá. Gọ́ọ̀mù polyurethane ni kó o béèrè, ìran èyí tí wọ́n fi ń lẹ wínsíkírínì mọ́tò ni, ṣùgbọ́n èyí tí òòrùn ò ní bà jẹ́. Kó ti àtijọ́ kúrò pátápátá kó o tó fi sí i. Èyí tí wọ́n tẹ̀ lé ti àtijọ́ lórí, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́.

Rífẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ti ilé iṣẹ́, èèyàn méjì ló ń kàn án, ọ̀kan wà níta pẹ̀lú òòlù atẹ́gùn, èkejì wà nínú ó gbé irin wúwo tì í nídìí. Èyí tí àwọn onípáànù wa ń fà títí á fi já tó!, ojú ẹ̀ là, àjókù irin sì máa ń kù sínú ẹ̀, ìyẹn á dípẹtà, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Wá èyí tí gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, kó o fi gọ́ọ̀mù sí i nídìí kó o tó fà á. Rífẹ́ẹ̀tì Olympic ni wọ́n máa ń lò lókè òkun, tí wọ́n bá fà á tán wọ́n á fá orí ẹ̀ kó lè jọ ti àkọ́kọ́, bọ̀dá ẹ lè kó o sínú àpò fún ẹni tó ń bọ̀ wálé. Ìṣó irin àti sukúrúù irin, má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Bí omi bá ti wà láàárín irin àti alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù ló máa san gbèsè yẹn.

* * *

Panẹ́bítà Lagere dá mi lóhùn fúnra ẹ̀, inú mi dùn. Ó ní òun ti fín alumíníọ̀mù rí, kò ṣe nǹkan kan.

Bọ̀dá, mi ò sọ pé kò ṣeé fín. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù lásán, ó ní práímà tiẹ̀ tó máa kọ́kọ́ jẹ ojú ẹ̀ díẹ̀, kó tó kan ọ̀dà. Kárávàànù kan wà lọ́nà Òṣú tí wọ́n fín ní sílífà, mo dúró wò ó. Ọ̀dà ti ń dìde yí gbogbo etí fèrèsé ká, mo fi èékánná kan tì í, ó ṣí kúrò tó àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan, abẹ́ ẹ̀ tutù, ìyẹ̀fun funfun wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun yẹn, páànù ni tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀ ibì kan wà tí mo ti máa gbè sí ẹ lẹ́yìn: òrùlé. Gbogbo èèyàn rò pé ohun tó bá ń dán ló máa tutù jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tó ń dán máa ń dá ìmọ́lẹ̀ òòrùn padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tó bá ti wọ̀ ọ́, kì í fẹ́ tú u sílẹ̀, ọ̀dà funfun máa ń tú tiẹ̀ sílẹ̀. Tó bá di ọ̀sán oṣù kejì, ẹni tó ń yan ẹja nínú ẹ̀ máa mọ̀yàtọ̀. Orí òrùlé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i láti ilẹ̀, kùn ún ní funfun pẹ̀lú práímà tó yẹ. Ẹ̀gbẹ́, fi sílẹ̀. Gba iṣẹ́ òrùlé yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, bọ̀dá, àlàáfíà á wà.

* * *

Ibi tó tẹ̀ wọnú: fi í sílẹ̀. Tí wọ́n bá lù ú, páànù á fẹ̀ sí i, á máa dún pó-pó nígbàkúùgbà tí òòrùn bá ràn. Bọ́dí fílà ò sì lè dán. Wẹ́dà tó ní òun á wẹ́ẹ̀dì ibi tó ya, páànù 2024 yìí kì í gba wẹ́ẹ̀dì, ńṣe ló máa sán. Rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń lẹ ibi tó ya, pẹ̀lú páànù irú ẹ̀.

* * *

Ẹnìkan ní kí la ń gbé kárávàànù wá sí ilẹ̀ tí kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà fún. Lọ́dún 1959, Wally Byam fúnra ẹ̀ ló ṣíwájú ọ̀wọ́ Airstream láti Cape Town, wọ́n wọ́ ọ gba ilẹ̀ Áfíríkà kọjá títí dé Cairo. Ọ̀nà ìgbà yẹn kì í ṣe ọ̀nà títì o. Àmọ́ táyà, ẹ wo táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára ẹ̀, tó bá jẹ́ 2312, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é, má wọ́ irú ẹ̀ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

* * *

Àbúrò tó ni ọkọ̀ ti padà dé. Ó ní omi ò wọlé nídìí ẹ̀yìn, fèrèsé méjì ló ń jò, ó ti dí wọn, ọ̀dà ti kúrò, ó wá fẹ́ dídán ẹ̀. Ó dáa.

Abẹ́ òjìji ni kó o ti ṣe é, tàbí kó o bẹ̀rẹ̀ ní kùtù kó o dáwọ́ dúró kí òòrùn tó mú, torí páànù tó gbóná máa ń gbẹ pólíìṣì mọ́ra. Pólíìṣì tí kò kúnná púpọ̀ lo máa kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná jù. Nuvite ni àwọn oní-Airstream máa ń dárúkọ jù, oríṣi ẹ̀ pọ̀, kì í ṣe òun nìkan ló wà. Fi ìka bu pólíìṣì, tò ó ní tó-tó-tó sórí ibi tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, má gba ibẹ̀ kọjá. Páàdì onírun àgùntàn lo máa lò. Dúdú ló máa kọ́kọ́ yọ, á bo gbogbo ẹ̀, á bo ìwọ náà, wọ aṣọ tó o máa jù nù. Máa rà á lọ títí dúdú yẹn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò fúnra ẹ̀ tí ojú ẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ ẹ̀. Ìdí rífẹ́ẹ̀tì máa ń kó dúdú sí, ọwọ́ lo máa fi nù ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mashíìnì tó ń yí lójú kan máa ń fi àmì róbótó-róbótó sílẹ̀, o ò ní rí i ní àárọ̀, òòrùn ọ̀sán ló máa tú u fó. Ìpele ìkẹyìn, mashíìnì tó ń yí tó tún ń gbọ̀n lo máa fi ṣe é, kó o we aṣọ òtútù onírun inú mọ́ ọn, ìyẹn ló ń pa àmì yẹn rẹ́. Iṣẹ́ náà lè lé ní 100 wákàtí fún odindi ọkọ̀, kí ọmọ iṣẹ́ ẹ mọ̀ kó tó gbà á lọ́wọ́ ẹ. Kò sì ní dán títí ayé, wàá máa tún un rà lọ́dọọdún. Nígbà ọyẹ́, má fi àkísà gbígbẹ nu eruku ara ẹ̀ láé, omi ni kó o kọ́kọ́ dà á sí.

* * *

Ìbéèrè ìkẹyìn, mo fẹ́ lọ sùn: ṣé wọ́n lè de páàdì mọ́ mashíìnì fáìlìn tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, torí òun ló wà nílẹ̀? Má ṣe é. Ìyẹn máa ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ yìí ò fẹ́ ju bí 1,000 sí 2,000 lọ. Páàdì á jóná, páànù á gbóná débi tí á fi yí àwọ̀, tó o bá sì dúró lójú kan, awọ 0.04 yẹn ti lọ. Yá pólíṣà lọ́wọ́ àwọn tó ń fín mọ́tò. Tí kò bá ní ibi tí wọ́n ti ń dín eré ẹ̀ kù, dá a padà fún wọn.